Búrẹ́dì Àná Ni Bàbá Àgbà Fi Ń Yàwòrán

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọ̀sán Alàmísì ni Bàbá Àgbà mí kẹ́yìn, nínú yàrá wọn ní Agége, lórí ẹní. Àwa mẹ́ta la wà lọ́dọ̀ wọn. Èmi wà lápá ẹsẹ̀. Àǹtí Rísì, ọmọ wọn obìnrin, tí í ṣe àbúrò bàbá mi, di ọwọ́ wọn mú. Àáfà àdúgbò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń ka Yáásínì. Kò tíì kà á dé ìdajì tí Àǹtí Rísì fi gbé ojú sókè.

"Ráfíù, ọwọ́ wọn ti dúró."

Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin wọ́n.

Ó ti pẹ́. Ìjọba ológun ló wà lórí oyè nígbà náà. Àwọn ọmọ Àǹtí Rísì ló ní kí n kọ ohun tí mo bá rántí sílẹ̀, torí pé èmi ni mo gbé lọ́dọ̀ wọn pẹ́ jù, ọdún mọ́kànlá. Mi ò lè kọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, pé ọkọ̀ ojú irin ló gbé wọn dé Agége, pé wọ́n ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Ìkejà tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ tánńganran, àti pé nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, wọ́n pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, wọ́n ń ta èédú. Karosíìnì wọ́n nígbà náà, gbogbo ilé ló ń dá iná èédú. Ìyókù ìtàn wọn, mi ò bi wọ́n. Ọwọ́ wọn ni mo mọ̀.

Bàbá Àgbà máa ń yàwòrán. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ yàwòrán á mú páálí funfun, á fi dúdú kọ nǹkan sí i. Tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á lọ èédú kúnná, wọ́n á fi àkísà pa á mọ́ gbogbo ojú páálí títí tí kò fi ní sí funfun kankan lójú rẹ̀ mọ́, tí á dúdú bí ìdí ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bu inú búrẹ́dì, wọ́n á fi ìka mẹ́ta pò ó, wọ́n á máa fi nu èédú náà kúrò díẹ̀díẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà lé ohun tó wà níwájú wọn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀, wọ́n á nù ún dé funfun. Ibi tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á kàn fi búrẹ́dì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbé ọwọ́ kúrò. Ibi tó bá ṣókùnkùn, wọn ò ní fọwọ́ kàn án rárá. Tó bá yá, ife á yọ nínú dúdú yẹn. Àtùpà á yọ. Wọn ò fa ìlà kankan.

Ọ̀gá kan, ará Íńdíà, tó máa ń ya òdòdó sínú abọ́ nílé iṣẹ́ wọn, ló kọ́ wọn. Wọ́n ní ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀, àwọn náà kì í sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn. Nígbà tó ń padà sílé rẹ̀, ó fún wọn ní kẹ́tùlù tánńganran kan tó ní àbùkù létí, tí ilé iṣẹ́ ò lè tà. Kẹ́tùlù yẹn ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá títí wọ́n fi kú.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ife wà nínú gbogbo dúdú yẹn. Wọn ò dá iṣẹ́ dúró.

"Mi ò fi nǹkan kan kún un, Àkànní. Páálí ti funfun tẹ́lẹ̀. Mo kàn ń ṣí i ni."

Àkànní ni wọ́n ń pè mí. Ráfíù ni gbogbo ayé mọ̀.

Búrẹ́dì yìí dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa. Béékàrì ni Àǹtí Rísì ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń mú búrẹ́dì wálé. Nígbà tí Sáàpù dé, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ìyẹ̀fun di ohun àwátì, búrẹ́dì wá di oúnjẹ ọdún. Bàbá Àgbà ò tìtorí ìyẹn jáwọ́. Láràárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì kí n tó fọ ojú.

"Bàbá, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run! Àwọn èèyàn ń wá búrẹ́dì tí wọ́n máa jẹ, wọn ò rí, ẹ̀yin ń fi nu èédú!"

"Ti àná ni mo ní kó o mú wá. Ta ló ń wá ti àná?"

"Gbogbo Agége ló ń wá ti àná! Ti ìjẹta gan-an, wọ́n ń wá a!"

"Ṣé wọ́n ní kó o wá gbà á lọ́wọ́ mi ni?"

"Èmi gan-an ni mo fẹ́ gbà á. Ebi ń pa èmi náà."

"Ẹn-ẹ́n. O ò bá tètè sọ bẹ́ẹ̀. Jókòó."

Wọ́n bó èèpo búrẹ́dì náà yípo, wọ́n nà án sí Àǹtí Rísì, wọ́n mú inú rẹ̀ fún iṣẹ́ wọn. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọmọ á jókòó sórí àpótí, á máa fi èèpo mu tíì, á máa bú bàbá rẹ̀. Bàbá á máa nu páálí. Èérún tó bá ti dúdú, wọ́n á dà á fún adìẹ. Àwọn ará àdúgbò mọ adìẹ wa níbi tí wọ́n bá ti rí i, torí ẹnu wọn máa ń dúdú. Èèyàn kan á kàn kígbe láti òdìkejì ojú irin pé, "Ẹ wá mú adìẹ Bàbá Eléèédú, ó tún ti wá!"

Èmi náà ṣe àṣìṣe kan lórí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì yìí. Nígbà tí mo rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ aṣọ ní Ìkejà, mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mo ra búrẹ́dì gbígbóná tó dára, èyí tí wọ́n po bọ́tà mọ́. Mo fẹ́ dá wọn lọ́lá. Mo kó búrẹ́dì gbígbẹ tó wà lórí pẹpẹ fún adìẹ, mo gbé tèmi síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Àgbà bù ú láìwò ó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtùpà kan tí wọ́n ti ń yà láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Òróró mu èédú. Ojú ibẹ̀ di àbàwọ́n pupa rúsúrúsú tí kò ṣeé nù, tí kò ṣeé bò.

Wọ́n gbé búrẹ́dì náà sí imú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló ra eléyìí?"

"Èmi ni, Bàbá. Bọ́tà wà nínú ẹ̀."

"Mo ti rí i."

Wọ́n dojú páálí náà bolẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé tíì wá. A jókòó, a jẹ gbogbo búrẹ́dì náà tán, àwa méjì. Nígbà tí wọ́n gbọn èérún kúrò láṣọ, wọ́n ní, "Ìfẹ́ ẹ ti pọ̀ jù lónìí, Àkànní. Fi ti àná ṣe é lọ́la."

Ohun kan wà tí wọn kì í yà: ohun tó bá ń mí. Wọn ò ya èèyàn, wọn ò ya ewúrẹ́, wọn ò ya àwọn adìẹ wọn. Wọ́n ní ẹni tó dá ẹ̀mí ló ni àwòrán ìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí wọ́n gbé abọ́ wọn wá.

Sójà kan wà tó máa ń wá ra èédú fún àwọn tó ń dáná fún wọn ní bárékè. Lọ́jọ́ kan, ó rí páálí tó wà lára ògiri àgọ́. Ó dúró wò ó.

"Baba, draw me."

Èmi ni mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Bàbá Àgbà mi orí, wọ́n ní kí n sọ fún un pé àwọn kì í ya ohun tó ń mí. Nígbà yẹn, èèyàn kì í dédé sọ fún sójà pé rárá. Mo wò wọ́n bóyá wọ́n á yí ohùn padà. Wọn ò yí i padà. Mo sọ ọ́. Ojú ọkùnrin náà le. Bàbá Àgbà wá na ìka sí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mi ò mọ ohun tí sójà náà rò. Ó bọ́ bàtà. Ó jókòó sórí àpò èédú pẹ̀lú sọ́ọ̀sì, ó gbé ìbọn lé itan. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n nu páálí náà tán, bàtà méjì ló yọ: èyí ọ̀tún fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sápá kan, okùn ike ni wọ́n fi so ó dípò okùn bàtà. Ọkùnrin náà wò ó títí.

"Baba, na so my boot be?"

"Bẹ́ẹ̀ ló rí," ni Bàbá Àgbà dá a lóhùn ní Yorùbá, ó sì yé e.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé páálí náà lọ bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tó lọ tán, mo bi wọ́n pé ṣé ẹ̀rù ò bà wọ́n ni.

"Ó bà mí. Nígbà tó bọ́ bàtà ni ẹ̀rù náà lọ. Ó ti rẹ ọmọ yẹn gan-an."

Mo fẹ́ Sáfú nígbà tí mo ṣì wà nílé iṣẹ́ aṣọ. Yàrá tó tẹ̀ lé ti Bàbá Àgbà la gbé, ọdún méjì. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, a pe onífọ́tò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ní fíìmù òun ti jóná, ká má bínú, òun á wá ya òmíràn. Kò wá, àwa náà ò sì rán an létí. A rò pé àkókò wà. Ibà ọjọ́ mẹ́rin ló mú Sáfú lọ. A ò tíì bímọ. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan níbì kankan.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo rí i pé mo ti ń gbàgbé imú rẹ̀. Mo lọ bá Bàbá Àgbà.

"Bàbá, ẹ bá mi ya ojú Sáfú. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

Wọ́n gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Àkànní, o mọ̀ pé n kì í yà á."

"Kò mí mọ́, Bàbá. Ẹ̀mí ti kúrò lára ẹ̀. Kí ló kù tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù?"

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ya bàtà fún sójà tẹ́ ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀. Ẹ ò lè ya ìyàwó mi."

Mo sọ ọ́, mo sì jáde. Lóṣù yẹn náà ni wọ́n dá wa dúró nílé iṣẹ́ aṣọ. Mò ń ru èédú fún Bàbá Àgbà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, mo ń kí wọn láàárọ̀, mo ń kí wọn lálẹ́, mi ò sì sọ ju ìyẹn lọ. Oṣù márùn-ún. Àwọn náà ò fi ọ̀ranyàn mú mi sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn mú kọ́ọ̀pù Sáfú wá. Mo gbé e síwájú wọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n mú gèlè rẹ̀ aláwọ̀ ewé àti òòyà rẹ̀ wá. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n béèrè sílípáàsì rẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi ṣe sàráà fún ẹnì kan. Inú bí mi, mi ò bi wọ́n. Mo to bàtà náà pọ̀, mo kọ orí rẹ̀ sí ògiri, mo jáde.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí a ti mọ́sálásí dé, wọ́n ní kí n wọlé.

Kọ́ọ̀pù Sáfú ló wà lójú páálí, wọ́n dojú rẹ̀ dé orí ṣíbí, ọwọ́ ṣíbí yọ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe é kí eṣinṣin má bàa bà lé e. Gèlè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òòyà ha sínú ìṣẹ́po rẹ̀. Sílípáàsì wà nílẹ̀. Ọ̀kan gun èkejì létí, àwọn méjèèjì sì kọjú síta.

Mo bojú wẹ̀yìn. Ó dà bí ẹni pé Sáfú ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, pé ó wà nínú yàrá kejì. Mo ní, "Bàbá, ògiri ni mo kọ bàtà yẹn sí. Ta ló ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ síta?"

"Òun ni. Kò sí ọjọ́ tó bọ́ bàtà tí kì í kọjú ẹ̀ síta, bí ẹni tí wọ́n máa pè láìpẹ́." Wọ́n wò mí. "Ṣé o ò rí i?"

Mi ò rí i. Ọdún méjì la fi wà pọ̀, tí mò ń kọsẹ̀ lára bàtà yẹn lójoojúmọ́. Wọn ò fi ìbéèrè náà bá mi wí, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n títí dòní, nínú gbogbo ohun tí wọ́n bá mi sọ, òun ló ṣì ń dùn mí jù.

Mo fi gíláàsì bo àwòrán náà, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ há a láàárín kí gíláàsì má bàa fara kan èédú. Ó wà lára ògiri mi di báyìí. Mi ò fẹ́ ìyàwó mìíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n máa ń na búrẹ́dì sí mi nígbà mìíràn pé kí n dán an wò. Mo máa ń sọ pé iṣẹ́ wọn ni, kì í ṣe tèmi. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹni tí ò rí bàtà, kí ló fẹ́ yà? Wọn ò rọ̀ mí jù. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà kan wà nítòsí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí kò kàwé ní kékeré. Wọ́n mú mi lọ síbẹ̀ fúnra wọn, mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ wọn dúdú, wọ́n ní, "O ò fẹ́ mú búrẹ́dì. Lọ mú bírò nígbà náà."

Lọ́jọ́rú tó ṣáájú ikú wọn, ara wọn yá díẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé àwọn dìde. Wọ́n pa èédú sí páálí tuntun kan títí tó fi dúdú, wọ́n fi í ti ògiri. Wọ́n gbé àpótí sábẹ́ fèrèsé. Wọ́n to nǹkan sórí rẹ̀: kẹ́tùlù àlùwàlá wọn, fìlà wọn, àti ìdajì búrẹ́dì tí wọ́n fi bébà wé. Mo rò pé àwọn fúnra wọn fẹ́ yà á. Wọ́n wo nǹkan náà, wọ́n wò mí, wọ́n padà sórí ẹní.

Ní Alàmísì, nígbà tí àwọn tó máa wẹ̀ wọ́n dé, wọ́n béèrè kẹ́tùlù. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e fún wọn.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Kẹ́tùlù náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí wọ́n gbé e sí. Àwọn tó ń bọ̀ wá kí wa ò ní pẹ́ dé, wọ́n á kó yàrá, wọ́n á pín ohun tó wà níbẹ̀. Mo gbé e wọlé, mo gbé e padà sórí àpótí. Mo dúró. Mi ò mọ ibi tí ọwọ́ kẹ́tùlù náà kọjú sí nígbà tí Bàbá Àgbà gbé e síbẹ̀.

Mo kọ ọ́ sí fèrèsé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ sí ògiri. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń rí i láràárọ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn létí mi: "Ṣé o ò rí i?" Mo jókòó sílẹ̀.

Àǹtí Rísì wọlé, ojú wọn ti wú. Wọn ò kí mi. Wọ́n gbé kẹ́tùlù, wọ́n jáde lọ ṣe àlùwàlá. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n bu omi láti inú àmù kún un, wọ́n gbé e sórí àpótí, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n kírun. Mo ń wo kẹ́tùlù náà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń kírun. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, mo bi wọ́n.

"Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé e báyẹn?"

"Báwo?"

"Ọwọ́ ẹ̀ kọjú sẹ́nu ọ̀nà."

Wọ́n yíjú wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e síbẹ̀.

"Ibẹ̀ náà ló máa ń kọjú sí. Bí Bàbá bá lò ó tán, wọ́n á pọn omi sí i, wọ́n á kọ ọwọ́ ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i mú." Wọ́n tún yíjú wò ó. "Mi ò mọ̀ pé èmi náà ń ṣe é."

Wọ́n jókòó sórí àpótí kékeré wọn, ibi tí wọ́n ti máa ń bú bàbá wọn. Wọ́n tú bébà kúrò lára búrẹ́dì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò, ó ti gbẹ. Wọ́n bó èèpo rẹ̀ yípo, wọ́n fi sẹ́nu. Wọ́n na inú rẹ̀ sí mi.

Mo gbà á. Mo fa páálí dúdú náà mọ́ra, mo fi ìka mẹ́ta po búrẹ́dì. Ìmọ́lẹ̀ ti gba fèrèsé wọlé, ó ti dé ọwọ́ kẹ́tùlù. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.